Ìwọ̀n Kì í Ṣe Ohun Tí A Wọ̀n

Bí ẹni méjì bá ń wá kòtò kan lójú ọ̀nà Okota, kí ọ̀kan fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti Cele, kí èkejì fi okùn wọ̀n ọ́n láti Ìsọlọ̀, iye tí wọn yóò kọ sílẹ̀ kò ní dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ọ̀pá kan náà bọ inú kòtò, jíjìn rẹ̀ kò ní yàtọ̀.

Irú ọ̀ràn yìí ló dé bá àwọn onímọ̀ físíìsì. Ní 1973, Coleman àti Weinberg ṣe ìṣirò bí agbára òfìfo ti ń ga àti bí ó ti ń rẹlẹ̀. Ní 1974, Jackiw fi hàn pé àwòrán agbára náà ń yí padà bí oníṣirò bá ti yan géèjì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìwọ̀n tí ó jẹ́ àṣàyàn ènìyàn lásán. Èwo wá ni òótọ́? Nielsen dáhùn ní 1975: ibi tí ìsàlẹ̀ kòtò bọ́ sí lè yí padà, jíjìn rẹ̀ kì í yí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Lẹ́yìn tí wọ́n rí Higgs ní CERN ní 2012, irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń wádìí bóyá òfìfo ayé wa lè wó lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi iye tí géèjì bí dáhùn, ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń kà, kì í ṣe ọ̀nà.