Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Àwọn Ọmọ-Ogun Inú Rẹ̀

Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì dá, a máa ń rò pé ọ̀ràn tán. Kò ì tí ì tán. Iṣẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thrombin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri bí ẹni tí ó sùn, títí iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò fi ya. Nígbà náà ni yóò jí, tí yóò sọ ohun yíyọ́ kan inú ẹ̀jẹ̀ di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n, ẹ̀jẹ̀ a sì dì.

Ṣùgbọ́n akéde ni thrombin pẹ̀lú. Ní 1991, Shaun Coughlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco fi hàn pé ó máa ń gé etí ohun kan tí ó yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì, bí ẹni tí ó já èdìdì ìwé. Bí èdìdì bá ti já, sẹ́ẹ̀lì gba iṣẹ́ tí a rán sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ògiri iṣan a na ohun ìdìmú jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí í ṣe ọmọ-ogun ara wa, a rọ̀ mọ́ ọn, wọn a sì wọ ibi ọgbẹ́ lọ láti bá kòkòrò àrùn jà. Ẹni tí ó dí ihò ògiri ni ó tún pe olùṣọ́.

Síbẹ̀, oore tí ó kọjá ìwọ̀n a máa di ewu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun náà lè ru thrombin sókè, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì níbi tí kò sí ọgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a rí i lára ìbátan wa kan lẹ́yìn ìbímọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo wú, ó gbóná, ó sì ń dùn ún. Àwọn àgbà ilé ti gbé òrí wá láti fi ra á. Ìyá rẹ̀ kọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ dókítà ni a ó gbé e lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni ó dì nínú iṣan, àti pé bí ègé rẹ̀ bá já, ó lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tí ń dá thrombin lẹ́kun ni wọ́n fún un, ó sì yè.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹsẹ̀ kan bá wú lójijì lẹ́yìn ìbímọ, tàbí lẹ́yìn àìsàn tí ó dá ni dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á. Ẹ tètè wá dókítà.