Ta Ló Ni Orin Tó Ń Dún Létíkun?

Lọ́jọ́ Àìkú, bí oòrùn bá ti ń lọ wọ̀, ọ̀nà etíkun Elegushi a máa kún fún ọkọ̀ àti ọ̀dọ́. Ọkùnrin kan ń gbé ní Ikate, kò jìnnà sí ọ̀nà náà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 45. Ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ orin tí atẹ́gùn òkun ń gbé bọ̀. Nígbà mìíràn, orin tirẹ̀ ni, orin rap tó gbé jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Wọn kò tíì bí àwọn mìíràn nínú àwọn tó ń jó sí i nígbà náà. Kọ́bọ̀ kan kì í sì í ti ibẹ̀ wọ àpò rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kí orin tó di ohun tí à ń gbọ́ lórí fóònù, Alábá ni ọjà rẹ̀ wà. Olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn a gbé iṣẹ́ rẹ̀ tọ máàkẹ́tà lọ. Máàkẹ́tà a san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a tẹ síìdì, a sì máa tà á lọ. Ọkùnrin yìí fọwọ́ sí ìwé láì kà á tán. Ó fi owó náà san owó ilé, ó fi èyí tó kù ra ọkọ̀ àlòkù. Ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ dànù tipẹ́. Ìwé náà ṣì lágbára. Kí ẹnikẹ́ni má sì bú u: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tó mú ọ̀ràn àwọn àgbà olórin rap le ni pé àwùjọ wa kò tíì fi àga sílẹ̀ fún wọn. Ní ti jùjú àti fújì, bí olórin bá ṣe ń dàgbà ni iyì rẹ̀ ń pọ̀. Sunny Adé, tí wọ́n bí ní 1946, ti dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn tó ń sìnkú òbí, àwọn tó ń ṣílé, àwọn tó ń joyè, gbogbo wọn ló ń náwó fún irú olórin bẹ́ẹ̀ lójú agbo. Ta ló ń pe olórin rap wá síbi òkú ìyá rẹ̀? Ó sì yani lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wérewère lórí ìlù kò jìnnà sí akéwì àti onírárà.

Ẹ wo Eedris Abdulkareem, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ The Remedies tó gbòde ní ìparí àwọn ọdún 1990. Orin rẹ̀, Jaga Jaga, bí ìjọba Ọbásanjọ́ nínú ní 2004 débi pé wọ́n fòfin dè é lórí rédíò. Ní 2022, kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sì ní ọ̀gá tí yóò san owó ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ NBC tún fòfin de orin rẹ̀ Tell Your Papa.

Reminisce, tí wọ́n bí ní 1981, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, LRR Records, ó sì ya sínú sinimá: òun ni Makanaki nínú King of Boys tí Kemi Adetiba ṣe ní 2018. Ní 2023, ó ṣì gbé iṣẹ́ tuntun jáde.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni sinimá ń pè. Ọkùnrin ará Ikate ń ka ìpolówó ọjà fún rédíò, ó ń darí ètò níbi ìgbéyàwó, ó ń kọ orin fún àwọn ọmọdékùnrin tí kì í dárúkọ rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni sítúdíò rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló fi bo ògiri. Òru ló ń gba ohùn sílẹ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti dákẹ́. Bí òjò bá rọ̀ tí omi gba òpópónà, oníyàwó tó ń dúró dè é ní Ìkẹjà yóò wá ẹlòmíràn. Onílé, ní tirẹ̀, kì í gbọ́ ti òjò.

Ó ti ka òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 lórí fóònù. Ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Ó ṣírò rẹ̀. Kí ohùn tó tà ní owó ọkọ̀ àlòkù tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, òun yóò ti lé ní ẹni ọdún 75. Orin mẹ́wàá tó ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló wà lórí wọn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, tí òun náà ń ṣe rap, mú ìwé àdéhùn kan wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀, ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "títí láé" sí, ó fa ìlà yí i ká, ó ní kí ọmọ náà lọ bá òun pọn omi tútù wá, nítorí ìwé náà ṣì ku ojú ewé mọ́kànlá.