Àwọ̀ Tí Wọ́n Fi Bí Ọkọ̀

Nígbà tí mo ń kọjá ní Tanke lánàá, ní ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, mo rí ọkọ̀ Toyota aláwọ̀ fàdákà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, nítorí pé ojú lásán ni wọ́n fi po ọ̀dà rẹ̀, yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù bí àlejò tí kò mọ ará ilé. Ó dùn mí, nítorí ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ Toyota, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́: ẹ ó rí ìwé pélébé kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ C/TR sí. Àmì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ àwọ̀ náà: 202 ni dúdú, 040 ni funfun, 1F7 sì ni fàdákà. Àmì tó kù lẹ́yìn mẹ́ta yìí, ti àwọ̀ inú ọkọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n oòrùn Ìlọrin Àfọ̀njá kì í fi ọ̀dà sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fi àmì yìí po ọ̀dà tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fín in sára páànù kékeré kan, kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbé e ti ara ọkọ̀ nínú oòrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ àmì ọkọ̀ yín sílẹ̀ lónìí.