Omi Inú Epo

Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Ajégúnlẹ̀ á rò pé sípánà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó lé òun lọ́wọ́. Ìgò funfun gaara ni ọ̀gá mi, ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, gbé fún mi. Kẹ́ẹ̀gì epo yòówù tó bá wọlé, kí n fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, kí n gbé e kalẹ̀, kí n má mì ín. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí. Oníbàárà á ní aṣọ lòun fi sẹ́ ẹ. Aṣọ á dá iyanrìn dúró lóòótọ́, omi á gba inú rẹ̀ kọjá.

Àpápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ọkọ̀ òkun ti ń já epo látọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ kí epo náà tó dé ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Mẹ́rínà, ó ti ti inú kẹ́ẹ̀gì bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, òjò ti kán sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ẹ̀bi kẹ́ẹ̀gì kọ́: epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ ló wọ Nàìjíríà, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Methanol a máa fa omi mọ́ra.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni omi inú epo ń pa jù. Inú epo gan-an ni ọ́ìlì rẹ̀ wà: ìdajì lítà ọ́ìlì sí lítà 25 epo, fún èyí tó ń lo 50 sí 1. Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá dí fítà epo, bí epo ṣe ń dín ni ọ́ìlì ń dín, písítìnì á gbóná, á gan. Awakọ̀ á ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ọ̀gá mi á ní, “Ẹ gbé fítà wá ná.”

Rọ́bà tí a ń fún lára họ́ọ̀sì ni mo fẹ́ràn jù. Ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Bí a fún un títí tí kò le, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, tàbí kí fáàfù rẹ̀ ti bàjẹ́. Bó bá di pẹlẹbẹ lórí eré, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táńkì: wọn ò ṣí ihò atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ ìpè kùtùkùtù wa, ibẹ̀ ló ń parí sí, ẹnu kì í sì í gbà á láti bèèrè owó gidi.

Kábúrétọ̀ ni wọn ò jẹ́ kí n tètè fọwọ́ kàn. Bí ihò jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà kọjá bá dí, wáyà á fẹ̀ ẹ́ jù. Atẹ́gùn la fi ń fọn ọ́n. Ọkọ̀ tí kò bá ní jáde fúngbà díẹ̀, a ó yọ họ́ọ̀sì epo, ẹ́ńjìnnì á jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán kó má baà dì síbẹ̀. Nínú omi la ti ń ṣe é o, torí omi yẹn náà ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára.