Bàbá Mi Ta Ilẹ̀ Oko Nítorí Òkun

Kò sí òkun ní Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ọ̀dọ̀ wa yóò la Ìbàdàn já, yóò sì gba ọ̀nà márosẹ̀ títí dé Èkó, ìrìn tó ju 100 kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ilé wa ló ti papòdà láìfojú kan ìgbì òkun rí. Omi tó tóbi jù lọ tí èmi mọ̀ ní kékeré ni adágún Aṣéjire, níbi tí ìjọba ti sé odò Ọ̀ṣun lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi lò. Bàbá mi a máa lọ ra ẹja níbẹ̀. Bí òun àti àwọn apẹja bá ń dúnàá dúrà, èmi a jókòó sórí àpáta, èmi a máa wo ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi, tí omi ń gbé sókè tó sì ń gbé wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo bi bàbá mi lọ́jọ́ kan pé ta ló ń mì ín. Ó ní omi ni, pé omi kì í sinmi.

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló tì mí débi tí mo dé, bóyá òun kọ́. Bí a bá dàgbà tán, a máa ń fẹ́ fa ohun gbogbo padà sí ìgbà èwe. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé nígbà tí mo ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tán ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Scotland gbà mí wọlé láti ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń fa iná mànàmáná jáde lára òkun, owó tí wọ́n béèrè ju agbára owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ lọ. Bàbá mi ta éékà méjì nínú ilẹ̀ oko tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú kòkó tó ṣì ń so lórí rẹ̀. Níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí, àbúrò bàbá mi kan béèrè pé: "Ẹ̀rọ orí òkun? Ṣé Olókun ni yóò gbà á síṣẹ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ òkun ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Scotland tipẹ́. Ní 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè káàkiri ayé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Stephen Salter, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Edinburgh, gbé àbá ẹ̀rọ kan jáde tó rí bí orí pẹ́pẹ́yẹ. Yóò léfòó lójú òkun, ìgbì yóò sì máa mú un mi orí bí ẹni tó ń gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mímì orí náà ni yóò di iná. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ọpọ́n omi tóóró, ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìgbì tó kọ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fawọ́ owó sẹ́yìn. Salter kú ní 2024. Kò rí i kí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ dé ojú òkun ní ìwọ̀n tó rò ó sí.

Mo rí ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé e kọ́. Ní Edinburgh kan náà, adágún àtọwọ́dá kan wà tí wọ́n ń pè ní FloWave, tí wọ́n ṣí ní 2014. Ó rí roboto, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 25, jíjìn rẹ̀ mítà 2. Abẹ̀bẹ̀ irin 168 ló yí etí rẹ̀ ká, tí kọ̀ǹpútà ń darí. Wọ́n lè mú ìgbì wá láti ìhà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì lè mú kí gbogbo ìgbì pàdé láàárín kí omi fò sókè bí ìgbà tí ènìyàn sọ òkúta sínú odò. N kò tíì rí omi tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kí ara wa tán, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: "Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

N kò sọ fún un nípa ejò. Pelamis ni orúkọ ẹ̀rọ náà, wọ́n fi sọrí ejò òkun nítorí ó gùn gbọọrọ, ó sì ní oríkèé tí ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ìgbì bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní 2004, ní erékùṣù Orkney, ó rán iná láti orí òkun wọ inú wáyà ìlú. Ní 2008, wọ́n gbé mẹ́ta lọ sí Pọtogí. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti fà wọ́n padà wá sí èbúté. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé ní 2014. Ta ló fẹ́ sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ta oko kòkó?

Ní ọjọ́ kan, bàbá mi kò béèrè pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní: "Àṣàkẹ́, ẹ̀rọ tí ẹ ń ṣe yìí, ṣé yóò ṣiṣẹ́ ní tiwa?"

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó yá lẹ́nu mi ju bó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn tí mo pa fóònù ni mo wá jókòó ti ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe láti ọdún kìíní. Bí gíga ìgbì bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìgbì tó ń dé etíkun Nàìjíríà jẹ́ èyí tí ìjì gbé dìde lọ́nà jíjìn ní gúúsù Atlantic. Ó gùn, ó sì wà létòlétò, ṣùgbọ́n kì í sábà ju bíi mítà kan sí méjì lọ. Òkun ìwọ̀ oòrùn Scotland kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n dá irin sí lára kí ìjì ibẹ̀ má baà fọ́ ọ yóò dé ọ̀dọ̀ wa bí ẹni gbé katakata wá ro ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Iná tí yóò mú wá kò ní tó owó tó gùn lé e.

Ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún náà, mo lọ sí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú yẹn dó sétí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì tan iná mànàmáná fún ara wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù wọ́n lọ ṣì wà lórí fìtílà. Báyìí, òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, kò sì tíì yó. Màmá kan tó ń sá ẹja nawọ́ sínú omi, ó ní ibi tí ìgbì kẹta ti ń fọ́ yẹn ni ààrò òun wà tẹ́lẹ̀. Ó wá bi mí pé ẹ̀rọ tí mo lọ kọ́ lókè òkun, ṣé ó lè dá òkun dúró? Mo ní rárá, mà. Mo ní ó lè dín agbára ìgbì kù díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n bá to ó sí, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo ìlú. Ó kàn mi orí, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti rọrùn fún mi láti sọ òótọ́ fún ẹni tí kò ta nǹkan kan nítorí mi.

Òkun tiwa kò ga, ṣùgbọ́n ó gbóná. Omi ojú rẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi 27 tàbí 28 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Bí ènìyàn bá wá sọ páìpù sísàlẹ̀ fún bíi 1,000 mítà, omi tí yóò fà bọ̀ kò ju bí 5 lọ, ó tutù ju omi àmù lọ fíìfíì. Iná wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Omi gbígbóná yóò mú amóníà hó, nítorí amóníà kì í dúró de iná kó tó hó. Ooru rẹ̀ yóò yí ẹ̀rọ. Omi tútù yóò sì sọ ọ́ di olómi padà kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán àti òru ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìjì tàbí afẹ́fẹ́. Georges Claude, ará Faransé, gbìyànjú rẹ̀ ní Kúbà ní 1930, ó sì rí iná díẹ̀ kí ìjì tó ba páìpù rẹ̀ jẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn Faransé ṣètò irú rẹ̀ fún Abidjan níhìn-ín lẹ́bàá wa, nítorí ọ̀gbun jíjìn kan sún mọ́ èbúté ibẹ̀. Wọn kò kọ́ ọ parí. Hawaii ti tan iná láti inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1979, wọ́n sì tún ṣí òmíràn ní 2015, èyí tó jẹ́ 105 kílówáàtì péré. Irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun ní ọ̀gangan Máhìn, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kan náà. Nígbà tí mo rí i lórí àwòrán ilẹ̀, mo dìde lórí àga.

N kò ní fi dídùn rẹ̀ tan yín jẹ. Nínú ooru tí irú ẹ̀rọ yìí bá gbà, bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di iná, nítorí náà omi tí yóò máa fà pọ̀ bí odò. Omi tútù tí a bá gbé wá sókè, bí a bá dà á síbi tí kò yẹ, ó lè yí ìgbé ayé ẹja padà, ẹja sì ni àwọn ará Ìlàjẹ ń jẹ tí wọ́n sì ń tà. Páìpù náà sì ni àìsàn tó ti ń pa iṣẹ́ yìí láti ayé Claude.

Síbẹ̀, mo yí àkòrí ìwádìí mi padà. Owó ìrànwọ́ tí mo ń gbà wà fún ìgbì òkun ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n sì dá a dúró. N kò bínú sí wọn, owó wọn ni. Mo gba iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó kù kí n sọ fún bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sún un síwájú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Ó wá ní: "Nígbà tí o ní bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́sí, ṣé o ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"N kò mọ̀, sà. N kò tíì wò ó ni."

"Ó dáa. Wò ó dáadáa báyìí."

Kò béèrè pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Páìpù ló kù tó ń béèrè: báwo ló ṣe gùn tó, kí ni wọ́n fi ṣe é, ta ni yóò dì í mú. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé àwòṣe rẹ̀ sínú omi ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo dè é pinpin mọ́ ìdí ọkọ̀ àwòṣe tó wà lókè. Ìgbì tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló dé, páìpù ká kò ní ọrùn. Àṣìṣe èmi fúnra mi ni. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi nítorí mo ti pinnu pé n kò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún un mọ́.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ṣé mo rántí ọkọ̀ tó máa ń wà ní Aṣéjire. Mo ní mo rántí. Ó ní àwọn apẹja yẹn kì í so okùn rẹ̀ le, pé wọ́n máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí omi lè rí ibi mì ín sí.

Mo ti yọ ìdè òkè yẹn, mo fi oríkèé tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni a ó tún gbé e wọ omi.