Nídìí Póókà, Ẹni Tó Bá Kẹ́yìn Sọ̀rọ̀ Ló Ń Kówó!

Káàdì tó dára a máa wọ ọwọ́ àwọn kan, síbẹ̀ kọ́bọ̀ kì í ṣẹ́ kù lápò wọn. Irú wọn pọ̀ láàárín àwọn tó ń ta póókà ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá rẹ̀ lọ́dún 1970. Kì í ṣe orí burúkú ló ń ṣe wọ́n o. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọn ò wò.

Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, èèyàn mẹ́sàn-án lè yí tábìlì ká. Káàdì méjì-méjì ni wọ́n ń fún oníkálukú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíì rí i. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo wọn. Bọ́tìnì róbótó kan wà tó ń yí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Tí wọ́n bá ti ṣí káàdì àárín, ẹni tí bọ́tìnì wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Dandan ni kí àwọn méjì tó wà lápá òsì rẹ̀ fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó rí káàdì rárá. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ bá mi káàánú ẹ̀!

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ kúkú mọ èyí. Oníbàárà tó kọ́kọ́ dá owó ti tú àṣírí àpò ara rẹ̀. Ẹni tó dúró sẹ́yìn tó ń tẹ́tí, òun ló mọ iye tó máa sọ.

Ẹ wo ọba àti 10 tí àmì wọn ò bára mu. Lójú ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta, nǹkan ńlá ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èèyàn mẹ́jọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹnì kan nínú wọn bá mú ọba àti éèsì ńkọ́? Ọba á ṣí láàárín, inú ọ̀gbẹ́ni á dùn, á máa kówó lé e, àṣé ẹlòmíì ló ń kó o fún. Kó tètè jù ú nù! Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nídìí bọ́tìnì, tí gbogbo àwọn tó ṣáájú ti jù tiwọn nù, èèyàn méjì péré ló kù. Kó fowó lé e. Káàdì kan náà mà ni o!

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta kì í fi í gbà ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì nínú ìgbà mẹ́wàá níwájú, tí wọ́n á sì gba bíi mẹ́rin nídìí bọ́tìnì. Àwọn kan ní éèsì méjì làwọn ń dúró dè. Nínú ìgbà 221, ẹ̀ẹ̀kan ló ń wá. Kó tó dé, owó dandan ti jẹ wọ́n tán.

Ọmọbìnrin kan ará Norway, Annette Obrestad, jáwé olúborí láàárín èèyàn 180 lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun yọjú wo káàdì òun. Ìjókòó àti ìṣe àwọn yòókù ló ń wò. Lọ́dún 2007, ó gba ìdíje Yúróòpù ní London, kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Tẹ́tẹ́ ṣáà ni o. Ilé tẹ́tẹ́ náà ń yọ tirẹ̀ nínú owó àárín tábìlì kí ẹni tó jẹ ẹ́ tó kó ìyókù, níbi yòówù kó jókòó sí.