Kí La Fẹ́ Wò Lálẹ́ Yìí?

Nílé tiwa, èmi ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè yìí. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí iná wà, tí kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú ń yí sí. Àwọn ọ̀rẹ́ náà a máa pè mí lórí fóònù torí ẹ̀. N kì í dárúkọ fíìmù fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi béèrè tèmi: àwọn wo ló máa jókòó wò ó?

Wíwo fíìmù nílé yàtọ̀ sí wíwò ó ní sinimá. Ní sinimá, wọ́n ti pa iná, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó panu mọ́. Ta ló máa pàṣẹ irú ẹ̀ nínú pálọ̀ Yorùbá? Ẹnì kan á máa ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀, ẹnì kan á máa kìlọ̀ fún ìyàwó tó fẹ́ jẹ májèlé, ẹnì kan á sáré lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, tó bá dé, á ní ká sọ èyí tó kọjá fún òun. Fíìmù tí kò bá gba ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ra, bó ti wù kó dára tó, ẹni tó dá wà ló ni ín. Èyí tí mò ń yàn fún ilé ni èyí tó lọ́rọ̀ nínú, tí àgbà á rí nǹkan fèsì sí, tí ọmọdé á sì rí nǹkan béèrè.

Tí àgbà àti ọmọdé bá pé jọ, Saworoidẹ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn ẹ̀, 1999 ló sì jáde, ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba Nàìjíríà fún alágbádá. Ní ìlú Jogbo, ètùtù kan wà tó so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Lápité gorí oyè, ó kọ ètùtù náà, torí ó wá jẹun ni, kò wá jọba. Àwọn agégẹdú ń run igbó ìlú, àwọn ìjòyè ń gba tiwọn, títí sójà kan tó ń jẹ́ Lágàta fi já adé gbà. Ọjọ́ tí wọ́n lu ìlù saworoidẹ létí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ parí.

Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tá a wò ó. Bí Lágàta ṣe ṣubú, wọ́n ní, “Ẹ dá a dúró ná.” Mo dá a dúró. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ mi bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ìlù lásán lè pa èèyàn ni?” Wọ́n ní, “Ìlù kọ́ ló pa á. Adé tí kì í ṣe tiẹ̀ ló pa á.” Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní irọ́ ni, ó ní tí ìlù bá ń pa olè, àwọn olóṣèlú ì bá ti tán nílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọba ìlú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Fíìmù dúró, àwa ń wí. Ẹni tó bá gbádùn ìyẹn lè fi Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì: 2002 ló jáde, Jogbo kan náà ni, ìjà pé kí àwọn ìjòyè wá búra sì gbóná níbẹ̀.

Fún tọkọtaya, tàbí àwọn tí wọ́n jọ lọ yunifásítì nígbà kan, Ó Le Kú ni. Ìwé ìtàn tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974 ni Kèlání sọ di fíìmù ní 1997. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó, obìnrin mẹ́ta gbà á lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn tán. Ìró kúkúrú tí àwọn obìnrin inú ẹ̀ wọ̀ ló tún gbajúmọ̀ nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní oléku. Kó má ṣe yà yín lẹ́nu bí àǹtí yín bá lọ gbé álíbọ́ọ̀mù jáde láti fi orúnkún ìgbà èwe hàn yín.

Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022 dára fún àgbàlagbà nìkan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn, torí ó lé ní wákàtí méjì, ìran yàrá sì wà nínú ẹ̀. Ṣàrò ahunṣọ fẹ́ ayaba tó ń jẹ́ Arọ́lákẹ́, Ṣàrò kú, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, òun náà wá ń jí òkú. Bí mo ti mọ̀ ọ́n, ọkùnrin ilé á máa dá Arọ́lákẹ́ lẹ́bi, àwọn obìnrin á sì ka gbogbo oore tó ṣe fún Ṣàrò sí wọn létí. Ẹni tó ń fẹ́ àríyànjiyàn mìíràn lè wá Mágùn tí Kèlání ṣe ní 2001: ọkọ Yorùbá, ìyàwó Ígbò, ìfura, àti ìjà láàárín ìṣègùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó.

Ìyókù ò pọ̀. Ẹ ti wa fíìmù náà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí dátà má bàa já yín kulẹ̀ bó ti ń já wa kulẹ̀. Ẹ ṣètò ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gúgúrú àti ẹ̀pà. Tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílùú òyìnbó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ máa kọjá nísàlẹ̀, ẹ má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín tí wọ́n bá ń kà á.

Ẹni tó bá ní kí n dárúkọ ẹyọ kan fún Sátidé tó ń bọ̀, Saworoidẹ ni. Kó ṣáà ti lọ mú àgbà kan wá láti àdúgbò, kó fi rìmóótù sí i lọ́wọ́, kó sì fi bọ́tìnnì tó ń dá a dúró hàn án.